Àbọ̀ lórí kọ́tífétọ̀ Cub tí irin rẹ̀ kò bára mu

Ẹ̀yin tí ẹ dá sí ìbéèrè mi lórí kọ́tífétọ̀ (irinṣẹ́ ìroko tí katakata ń gbé) àtijọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ṣeun. Ó ti yanjú. Cub-144 ni, èyí tí wọ́n ṣe fún katakata kékeré Farmall Cub, àmọ́ wọ́n ti ki irin A-144, ti katakata mìíràn tó ń jẹ́ Farmall Super A, bọ̀ ọ́ láàárín.

Búrọ́ọ̀ṣì onírin ló tú àṣírí. Ẹ ha ọ̀dà kúrò títí nọ́ńbà ara irin yóò fi hàn. Ó lè yàtọ̀ sí ti inú ìwé ẹ̀yà ẹ̀rọ, torí náà ẹ fi kálípà, irinṣẹ́ ìwọ̀n, wọn ihò rẹ̀ pẹ̀lú.

Síkúrù ló burú jù. M12, síkúrù oní-mílímítà 12, ni wọ́n fi sí ihò ½ ínṣì. Ó tín-ín-rín jù (12 mm sí 12.7), eyín rẹ̀ sì sún mọ́ra jù: 1.75 mm sí 1.95. Yóò wọlé bíi pé ó bá a mu; ẹ fún un le báyìí, eyín á bọ́. Ẹ fi táàpù (irin tí a fi ń gé eyín sínú ihò) ½-13, ìyẹn ½ ínṣì tó ní eyín 13 nínú ínṣì kan, tún ojú ihò ṣe, kí ẹ wá lo síkúrù olórí igun mẹ́rin.

Tító rẹ̀: ilẹ̀ sìmẹ́ńtì títẹ́jú, afẹ́fẹ́ táyà dọ́gba. Ẹ gbé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé pákó ínṣì 2, ìyẹn bí ẹ ṣe fẹ́ kó ro jìn tó. Ẹ sọ kọ́tífétọ̀ kalẹ̀, kí ẹnu àti apá abẹ ìroko kan ilẹ̀ pọ̀. Ìgbà yẹn lẹ tó ń fún kílámpù, irin tó ń di ọ̀pá mú. Ọ̀pá tó bá ń mì nínú kílámpù, ẹ pààrọ̀ ọ̀kan nínú méjèèjì. Pẹlẹbẹ irin tí àwọn kan ń há sáàárín kì í pẹ́ já bọ́.