Agbékẹ̀kẹ́ onírọ́bà afàmọ́ra: ṣé ó ṣe é gbára lé fún wákàtí 8 lójú ọ̀nà?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ fi agbékẹ̀kẹ́ tí rọ́bà rẹ̀ ń fà mọ́ òrùlé ọkọ̀ gbé kẹ̀kẹ́ rìnnà jíjìn. Rọ́bà 3 ló di fọ́ọ̀kì iwájú (irin tí táyà iwájú kẹ̀kẹ́ máa ń wà láàárín rẹ̀) mú, 1 wà fún táyà ẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ fi omi nu òrùlé àti rọ́bà, ká má gbé e lé ojú ibi tí irin ti so pọ̀, ká sì tẹ pọ́ǹpù tó wà lára rọ́bà títí ìlà àmì rẹ̀, tó máa ń yọ síta bí rọ́bà kò bá fà mọ́ra dáadáa mọ́, á fi wọlé. Eruku bíńtín lè jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yọ́ wọlé.

Òkè gíga ló ń kọ mí lóminú jù: afẹ́fẹ́ fúyẹ́ níbẹ̀, agbára tó ń tẹ rọ́bà mọ́lẹ̀ á dín kù. Ẹ jọ̀ọ́, lẹ́yìn wákàtí mélòó ló yẹ kí n máa dúró wo ìlà náà? Bí rọ́bà kan bá tú, ṣé okùn tí a há mọ́ ilẹ̀kùn lè dá kẹ̀kẹ́ dúró?