Tata ti fẹ́ jẹ ẹ̀gẹ́ mi tán, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ̀yin ará. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ọmọ tata, dúdú tó ní àmì funfun wínníwínní, ti ń ya wọ oko ẹ̀gẹ́ mi lẹ́bàá Ìsẹ́yìn látinú igbó ewé Akíntọ́lá. Wọ́n jẹ ewé tán, wọ́n tún ń bó èèpo igi rẹ̀. Mo gbọn ìdí kan láàárọ̀ àná, wọ́n já bọ́ wàràwàrà bí òjò.

Wọ́n ní abẹ́ ilẹ̀ tó ní ìbòòji ni wọ́n ń yé sí, pé téèyàn bá hú ẹyin náà síta, oòrùn á pa á. Ta ló ti ṣe é rí? Báwo lẹ ṣe dá ojú ibẹ̀ mọ̀? Ẹ̀rù oògùn fífín ń bà mí, ẹ̀fọ́ ìyá mi wà láàárín ẹ̀gẹ́ náà.