Olùkọ́ wa tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà olóko

Ẹ jẹ́ n sọ ìrírí tèmi nípa olùkọ́ kan tí mi ò lè gbàgbé.

Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, n'Ílé-Ifẹ̀, olùkọ́ kan kọ́ wa ní ìtàn àwọn tó ń ṣí láti ìlú dé ìlú. Bó ṣe ń kọ̀wé nípa àtìpó ló ń bá wọn dé àgọ́ ọlọ́pàá. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó fún wa ni pé kí kálukú lọ bi àgbà ilé rẹ̀: ta ni wọ́n lé rí nínú yín?

Mo lọ bá màmá wa àgbà ní Òkèsà, n'Íléṣà. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé Kùmásí, ní orílẹ̀-èdè Gánà, ni wọ́n bí bàbá mi sí. Ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia ní Gánà fún àlejò tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò nílùú. Màmá ta aṣọ wọn lówó pọ́ọ́kú. Ti gbèsè tí oníbàárà jẹ wọ́n ló dùn wọ́n jù. Ọmọ Òṣómàáló ni wọ́n. Bàbá wọn á tàwìn, á sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ títí o ó fi sanwó. "Wọn ò jẹ́ kí n lóṣòó," ni wọ́n ń sọ ṣáá.

Olùkọ́ ka ohun tí mo kọ, ó ní, "1983 ńkọ́, tí àwa náà lé àwọn ará Gánà?" Mo padà lọ. Màmá dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní télọ̀ ará Gánà kan rán aṣọ ọdún fún gbogbo ilé wa; nígbà tí ìjọba Shagari kéde ní oṣù kìíní, ó lọ, a ò tíì sanwó.

Lẹ́yìn náà ni lébìrà kan, ará Benin, ṣiṣẹ́ ọdún kan nínú oko kòkó lẹ́bàá Ifẹ̀. Olóko ní òun á fà á lé ìjọba lọ́wọ́ tó bá béèrè owó. Olùkọ́ mú mi dání lọ. Ó ṣàlàyé àdéhùn ọdún 1979 ti ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó fún ọmọ orílẹ̀-èdè kan láyè 90 ọjọ́ ní èkejì láìgba físà. Olóko ní ọjọ́ ti kọjá. Olùkọ́ ní, "Ìwé ni ò ní. Iṣẹ́ ńkọ́, ṣé kò ṣe é?" Ó bá lóṣòó. Èmi náà lóṣòó. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí owó tó jáde.

Ẹni tó bá mọ télọ̀ ará Gánà tó wà ní Òkèsà ṣáájú 1983, tàbí àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá wọn. Ilé wa ṣì jẹ wọ́n lówó.