Mo ti pààrọ̀ táyà Vespa mi o

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọjọ́sí o. Mo bèèrè nígbà yẹn bóyá kí n pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn Vespa PX mi, àbí kí n ṣì máa gùn ún lọ, nítorí ojú rẹ̀ kò tíì dán tán. Ẹni tó ní kí n wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló là mí lójú. 2315 ni mo bá níbẹ̀: ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2015 ni wọ́n ṣe é! Mo tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò, ó ti sán wẹ́wẹ́. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì mọ́.

Táyà méjì tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 3.50-10 ni mo rà, pẹ̀lú túùbù tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde tán pátápátá kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì tó so rímù pọ̀. Abala méjì ni rímù yìí, bí afẹ́fẹ́ bá ṣì wà nínú rẹ̀, ó lè ta síni lójú. Fọkanáísà mi ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo dá a dúró.

psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) 18 ni mo gbé afẹ́fẹ́ iwájú sí, 25 lẹ́yìn, torí èmi nìkan ni mo ń gùn ún. Òjò rọ̀ lánàá, mo tẹ bíréèkì nítòsí ọjà Bódìjà, kò yọ̀ rárá. Inú mi dùn gan-an. Ẹ ṣeun.