Ajá mi jẹ àlùbọ́sà, ìtọ̀ ẹ̀ ti ń pupa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ajá, ẹ jọ̀ọ́. Òkè-Fìà l'Òṣogbo ni mò ń gbé. Fúráìdè tó kọjá a ṣe ìsọmọlórúkọ, àṣé Bingo ti yọ́ lọ sẹ́yìnkùlé, ó jẹ àlùbọ́sà tí wọ́n gé sínú abọ́ fún ata díndín, ó máa tó odindi mẹ́rin, ajá tí ò ju kílò mẹ́jọ lọ! Lọ́jọ́ kejì ó ṣì ń ṣeré ẹ̀, mo ní kò sí wàhálà. Àfi láàárọ̀ Mọ́ńdè yìí tó kàn nà sílẹ̀, mo ṣí ẹnu ẹ̀ wò, èrìgì ẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ, ìtọ̀ ẹ̀ wá dà bí omi sóbò. Màmá mi ti rọ epo pupa sí i lẹ́nu (àwọn àgbà àti epo pupa), ó bì í dànù, mo gbé mílíìkì fún un, kò tiẹ̀ wò ó. Mo ti rí i kà pé àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan kó tó hàn. Dókítà ẹran tí mo mọ̀ rìnrìn àjò, ó di ọ̀la kó tó dé. Ṣé mo lè dúró dè é, àbí ta ló mọ ibi tí wọ́n ti lè fa ẹ̀jẹ̀ sí ajá lára l'Òṣogbo lónìí?