A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etíkun Wales láti dá ìjọ sílẹ̀, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyàwó Pásítọ̀: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ìjọ wa ní Manchester ló rán èmi àti ọkọ mi wá sí Llandudno. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé. Àwọn ará ibí yá mọ́ èèyàn: wọ́n á gba ìwé pélébé lọ́wọ́ wa, wọ́n á ní "lovely", wọ́n á dúpẹ́, àmọ́ tó bá di ọjọ́ Sunday, ẹnì kan ò ní yọjú. Ẹni tó ni gbọ̀ngàn tá a háyà ti kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì lórí ariwo. A sì fẹ́ ṣe ìsìn àwọn ọmọdé létí òkun ní August. Ibo la ti ń ṣì í? Ẹ má fi bò fún wa.

Bọ̀dá Nọ́ọ̀sì: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, mà. "Lovely" kì í ṣe ìlérí. Bí ẹni ní "ó dáa, a ó máa wò ó" ni. Aago tí ẹ fi ìsìn sí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Òtẹ́ẹ̀lì ló ń bọ́ ìlú yẹn. Láti Ọdún Àjíǹde títí wọ October, aago mẹ́wàá àárọ̀ Sunday gan-an ni àlejò ń kó ẹrù jáde tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbé e sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní care home, ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, yàtọ̀: wákàtí 12 ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe, àárọ̀ méje sí alẹ́ méje, aago mẹ́rin náà ò sì lè bá wọn lára mu. Ẹ bi wọ́n léèrè rota, ìwé ìtò iṣẹ́, ti oṣù tó ń bọ̀, kí ẹ fi ìpàdé àárín ọ̀sẹ̀ sí ọjọ́ tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn bá ráyè.

Alàgbà Onítàn: Ìyàwó Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Bíbélì wọ̀lú. Ọdún 1588 ni odindi Bíbélì ti wà lédè Welsh. Tiwa ò pé títí di 1884. Loughor, ní gúúsù Wales, ni ìsọjí 1904 ti gbiná. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church wọ Èkó ní 1931, Penygroes, ní Wales níbí, ni D. P. Williams tó ṣáájú wọn ti wá. Ní Colwyn Bay, tí kò ju bíi máìlì mẹ́fà sí yín lọ, William Hughes dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ìhìnrere, Mọ́jọlá Agbébí, pásítọ̀ Bápítíìsì tiwa, sì bá a lọ́wọ́ sí i. Ní 1912 ni ilé ẹ̀kọ́ náà fọ́. Ẹ mú ọ̀rọ̀ Colwyn Bay yẹn dání lọ bá àwọn diakoni ṣápẹ́ẹ̀lì. Ó ń ṣílẹ̀kùn ju ìwé pélébé lọ.

"Capel", ìyẹn ṣápẹ́ẹ̀lì, ni àwọn Mẹ́tọ́díìsì, Bápítíìsì àti Presbyterian ń pe ilé ìjọsìn wọn. Ní Conwy, ìjọba ìbílẹ̀ tí Llandudno wà lábẹ́ rẹ̀, bíi ẹnì kan nínú mẹ́rin ló gbọ́ Welsh, torí náà "bore da" láàárọ̀ àti "diolch" fún ọpẹ́ kò lè pọ̀ jù fún yín láti kọ́. Àmọ́ o, nínú ìkànìyàn 2021, ìdá 46.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Wales ló ní àwọn ò ní ẹ̀sìn kankan, àwọn Kristẹni jẹ́ 43.6. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí yín ló fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Àwọn mìíràn ò wọ ibẹ̀ rí.

Oníjìtá: Lórí ariwo: báàsì ló ń la ògiri kọjá, kì í ṣe ohùn ẹni tó ń wàásù. Tí èèyàn ò bá tó 30, ẹ pa subwoofer, sípíkà báàsì yẹn, pátápátá. Ẹ má gbé sípíkà ka ilẹ̀ pákó, ẹ fi rọ́bà tó nípọn sí i nídìí, kí ẹ kọ ojú rẹ̀ sí àárín ìjọ, kì í ṣe sí fèrèsé. Dúrọ́ọ̀mù ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó sinmi fún oṣù mẹ́ta, ẹ lo sákárà tàbí gángan kékeré. Kí ẹnì kan jáde lọ dúró lẹ́nu géètì aládùúgbò nígbà orin ìyìn. Tó bá lè ka ìlù, ó ti pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ tún ka ìwé àdéhùn yín dáadáa. Tí wọ́n bá kọ aago mẹ́fà, gbígbálẹ̀ àti títo àga wà nínú ẹ̀ o, kì í ṣe pé aago mẹ́fà la ó ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Tíṣà Ọmọdé: Ìsìn etíkun kì í ṣe tuntun ní Llandudno. Ní 1868 ajíhìnrere Josiah Spiers kọ ọ̀rọ̀ Bíbélì sórí iyanrìn ibẹ̀, tí àwọn ọmọdé ń fi òkúta àti ewé òkun ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ohun tó máa ń ba tòní jẹ́ ni omi. Òkúta ló pọ̀ lókè North Shore, etíkun ìlú náà; ìgbà tí omi bá fà lẹ ó tó rí iyanrìn. Ìfàsẹ́yìn omi sì ń fi bíi ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Tó bá jẹ́ aago mọ́kànlá ni Monday, yóò ti di bíi aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú ní Friday. Torí náà, ẹ má tẹ "aago mọ́kànlá lójoojúmọ́" sórí pósítà! Ẹ ra ìwé àkókò omi, kí ẹ kọ aago ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, wákàtí kan ṣáájú kí omi tó fà tán.

Ẹ tètè kọ̀wé sí káńsù Conwy. Wọ́n lè béèrè risk assessment, ìwé tí ẹ ó kọ ewu tó lè wáyé sí, àti ìwé inṣọ́ránsì. DBS, àyẹ̀wò bóyá èèyàn ti dáràn rí, ọ̀fẹ́ ni fún olùyọ̀ǹda, àmọ́ àjọ tó bá yín fi í ránṣẹ́ lè gba owó iṣẹ́. Kí òbí jókòó ti ọmọ rẹ̀, ẹ má sì ya fọ́tò ọmọ kankan.

Akápò: Ọrẹ kò gbọdọ̀ gba àkáǹtì Pásítọ̀ kọjá, bó ti wù kó kéré. Ẹ ṣí àkáǹtì tí èèyàn méjì ń buwọ́ lù. Tí owó tó ń wọlé bá ju £5,000 lọ lọ́dún, tí ìjọ yín ò bá sí lábẹ́ nọ́ńbà charity, ìyẹn àjọ àánú, ti Manchester, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Gift Aid, owó orí tí ìjọba ń dá padà fún charity, ń fi 25p kún £1 kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó fún un bá ń san owó orí níbí.

Ìyàwó Pásítọ̀: Ẹ ṣeun gan-an. Tá a bá wá dín àkàrà, tá a se ẹ̀fọ́ rírò, tá a fi pe àdúgbò ńkọ́?

Bọ̀dá Nọ́ọ̀sì: Ó dáa mà, àmọ́ ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ síwájú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Edé, ẹja, ẹyin àti ẹ̀pà wà lára ohun 14 tí òfin ní kí wọ́n máa dárúkọ, torí ara àwọn mìíràn ń kọ̀ ọ́. Edé inú ẹ̀fọ́ ló sì rọrùn jù láti gbàgbé. Inú ilé ni kí ẹ ti pín in o. Àwọn ẹyẹ òkun Llandudno á já àkàrà gbà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó bọ́ sí ẹsẹ̀ kejì.