Iná ẹ́ẹ̀bágì kò kú mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n tún báńpà ọkọ̀ mi ṣe: ṣé sẹ́ńsọ̀ ni kí n lọ rà?

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín o. Ọkọ̀ Toyota Corolla tòkunbọ̀ ti ọdún 2009 ni mo ń wà. Láìpẹ́ yìí ni ọlọ́kadà kan forí sọ ọ́ níwájú lápá òsì. Ẹnikẹ́ni kò fara pa, ẹ́ẹ̀bágì kò sì tú, ṣùgbọ́n báńpà fọ́, iná iwájú apá ibẹ̀ sì yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Àwọn pánẹ́ẹ̀lì bítà na irin rẹ̀, wọ́n jó ibi tí ó yẹ kí wọ́n jó, wọ́n sì kùn ún títí ó fi dára lójú. Láti ọjọ́ tí mo ti gbà á lọ́wọ́ wọn ni iná pupa tí ó ní àwòrán ènìyàn tí ó jókòó, tí nǹkan roboto wà níwájú rẹ̀, ti ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù láìkú. Mẹkáníìkì mi fi ẹ̀rọ kékeré tí ó ń bá fóònù ṣiṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òun kò rí àìsàn kankan. Ẹlòmíràn tí ẹ̀rọ tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ rí kódì B1615, ìyẹn àmì àìsàn tí ọkọ̀ kọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ní kí n lọ ra sẹ́ńsọ̀ iwájú, ohun tí ń mọ̀ bí nǹkan bá gbá ọkọ̀. Kí n tó náwó, mo fẹ́ mọ̀ bóyá sẹ́ńsọ̀ ni ó bàjẹ́ lóòótọ́, àti bóyá ó léwu kí n máa fi ọkọ̀ náà gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé.

Rewáyà, Gate, Ìbàdàn

Ẹ kú wàhálà ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ méjèèjì. Èyí tí ó ń bá fóònù ṣiṣẹ́ kì í sábà ka ohun tí ó ju ti ẹ́ńjìnnì lọ. Ẹ́ẹ̀bágì ní brainbox tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tí ń darí rẹ̀, tí wọ́n dè mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ láàárín, nísàlẹ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ kékeré wọ̀nyí kò sì lè bá a sọ̀rọ̀ rárá. Nítorí náà, nígbà tí mẹkáníìkì yín sọ pé òun kò rí nǹkan kan, kò tíì dé ibi tí nǹkan náà wà ni. Ẹni kejì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó yára dájọ́. Lórí ọkọ̀ Toyota, B1615 ń sọ pé ìṣòro wà lójú ọ̀nà iná tí ó lọ bá sẹ́ńsọ̀ iwájú apá òsì. Ojú ọ̀nà náà ni a ń bá wí, kì í ṣe sẹ́ńsọ̀ nìkan: sẹ́ńsọ̀ wà nínú rẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà níbẹ̀, wáyà méjì tí ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì wọ inú ọkọ̀ wà níbẹ̀, brainbox sì wà ní ìparí rẹ̀. Ibi tí sẹ́ńsọ̀ ọ̀hún jókòó sí, lẹ́yìn iná iwájú apá òsì, ni ọlọ́kadà gbá, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n fi òòlù nà tí wọ́n sì jó. Wáyà ni mo kọ́kọ́ ń fura sí.

Bí ẹ bá fẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹni tí yóò ṣe é pa ọkọ̀, kí ó yọ kọ́kọ́rọ́, kí ó tú orí bátìrì ti nẹ́gẹ́tíìfù, kí ó sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 90 ó kéré tán kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun tí ó jẹ mọ́ ẹ́ẹ̀bágì, nítorí brainbox náà máa ń fi iná díẹ̀ pamọ́ kí ó lè ṣiṣẹ́ bí bátìrì bá já nínú ìjàǹbá. Lẹ́yìn náà ni kí ó tú báńpà, kí ó wo sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ náà bóyá ó wọlé dé ibi tí ó ti ń dún “kẹ́”, bóyá omi ti mú kí ẹsẹ̀ irin inú rẹ̀ hu ìpẹtà, àti bóyá irin kan tẹ wáyà mọ́lẹ̀. Kí ó wo ara sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú: ọfà kan wà lára rẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ kọjú sí iwájú ọkọ̀. Mo ti rí èyí tí pánẹ́ẹ̀lì bítà fi okùn rọ́bà so mọ́ ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀ nítorí pé bóòtì rẹ̀ sọnù. Bí ọkọ̀ ṣe dúró lójijì ni sẹ́ńsọ̀ ń wọ̀n, èyí tí ó bá sì ń jì lórí okùn kò lè wọn nǹkan kan tí ó jẹ́ òtítọ́.

Bí gbogbo èyí bá dára lójú, kí ó fi sẹ́ńsọ̀ apá ọ̀tún sí apá òsì, kí ó sì fi ti òsì sí ọ̀tún, kí ó pa kódì àtijọ́ rẹ́, kí ó sì tún un kà. Bí kódì bá yí padà di B1610, tí í ṣe ti apá ọ̀tún, sẹ́ńsọ̀ ni ó kú. Bí ó bá ṣì jẹ́ B1615, ẹ fi owó sẹ́ńsọ̀ yín pamọ́, kí ẹ máa tọ wáyà lọ.

Ohun kan tí mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín: kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi tẹ́sítà tàbí mítà sí ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó lọ bá ẹ́ẹ̀bágì fúnra rẹ̀ nínú sítíárìn. Iná díẹ̀ tí ó bá ti ibẹ̀ wọlé lè tú u mọ́ ènìyàn lójú.

Ọmọ ẹgbẹ́, Abẹ́òkúta

Ìdí tí ẹ fi ń da ara yín láàmú kò yé mi. Irú rẹ̀ ṣe ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, rewáyà kan sì fi rẹsítọ̀ kékeré kan dí ẹnu wáyà ẹ́ẹ̀bágì, iná náà sì kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò tún tàn mọ́ láti ìgbà náà.

Ọmọ ẹgbẹ́, Lọ́ńdọ̀nù

Bọ̀dá mi, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kò ní ẹ́ẹ̀bágì mọ́. Rẹsítọ̀ yẹn ń tan brainbox jẹ kí ó lè rò pé ẹ́ẹ̀bágì ṣì wà lórí okùn, nígbà tí okùn ti já. Níbí, nígbà àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT, iná náà nìkan tó láti mú kí ọkọ̀ kùnà, nítorí iná tí ń sọ òtítọ́ ni wọ́n kà á sí.

Ní ti àwọn ọmọ, ẹ̀gbọ́n: nígbà tí iná náà bá ń tàn, ẹ kò lè gbọ́kàn lé e pé ẹ́ẹ̀bágì yóò tú lọ́jọ́ ìṣòro, ohun tí ń fa bẹ́líìtì mọ́ ènìyàn láyà lójijì náà sì lè má ṣiṣẹ́. Bẹ́líìtì fúnra rẹ̀ ṣì ń di ènìyàn mú. Kí gbogbo wọn jókòó sẹ́yìn, kí wọ́n sì de bẹ́líìtì, yálà iná tàn tàbí kò tàn.

Oníṣòwò tòkunbọ̀, Èkó

Mo fẹ́ fi èyí kún un, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ Corolla 2009. Ilé-iṣẹ́ Takata ti ilẹ̀ Japan fi ammonium nitrate ṣe ohun tí ń fẹ́ ẹ́ẹ̀bágì wú nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ọlọ́dún gbọọrọ máa ń ba èròjà yìí jẹ́, tí ó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ó bá tú, agolo irin tí ó wà nínú rẹ̀ lè fọ́, kí àfọ́kù rẹ̀ sì fò lu ènìyàn. Ní Amẹ́ríkà nìkan, nǹkan bí mílíọ̀nù 67 irú rẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n dá padà, ilé-iṣẹ́ náà sì wọ gbèsè tí ó gbé e dé ilé-ẹjọ́ ní ọdún 2017. Àwọn Corolla kan ti àsìkò ọdún 2009 wà lára ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ooru àti ọ̀rinrin wa níhìn-ín kò sì kéré.

Ẹ kíyè sí i pé iná orí dáṣíbọ́ọ̀dù kò ní sọ èyí fún yín, nítorí wáyà irú ẹ́ẹ̀bágì bẹ́ẹ̀ pé pérépéré. Ẹ wo nọ́ńbà VIN tí ó ní lẹ́tà àti figọ 17 ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú lápá awakọ̀, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sí ojúlé NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ààbò ọkọ̀, bí ọkọ̀ náà bá ti Amẹ́ríkà wá. Ọ̀fẹ́ ni.

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ènìyàn mi. A ti tú báńpà. Ọ̀gá rewáyà pààrọ̀ ipò sẹ́ńsọ̀ méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí, B1615 kò sì yí padà. Nígbà tí a tọ wáyà lọ, a rí i pé wọ́n ti há a mọ́ àárín irin tí wọ́n jó àti ibi tí iná iwájú jókòó sí: rọ́bà ara ọ̀kan ti yọ́, bàbà inú rẹ̀ ti hàn síta, ó sì ti dípẹtà. Ọ̀gá náà ní òun yóò lọ́ ọ pọ̀, òun yóò sì fi téèpù wé e. Ṣé kí n gbà? Mo ti wo VIN pẹ̀lú, ọkọ̀ tèmi kò sí lára wọn.

Rewáyà, Gate, Ìbàdàn

Ẹ má gbà, ẹ̀gbọ́n. Ìwé àtúnṣe Toyota kò fara mọ́ kí a máa lọ́ wáyà ẹ́ẹ̀bágì pọ̀, pípààrọ̀ ni ó ní kí a ṣe. Iná tí ń gba ojú ọ̀nà yìí kéré gan-an, bí téèpù bá sì tú díẹ̀ nígbà òjò, iná pupa yẹn yóò padà wá. Ẹ wá wáyà iwájú odindi fún Corolla irú yín ní ọjà Àràrọ̀mí, kí ẹ sì yẹ ara rẹ̀ wò dáadáa, kí ó má lọ jẹ́ ti ọkọ̀ tí wọ́n gbá níwájú. Kí wọ́n dá sẹ́ńsọ̀ méjèèjì padà sí ipò wọn pẹ̀lú bóòtì tiwọn, kí irin tí wọ́n dè wọ́n mọ́ sì tọ́, kí ó má wọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa kódì rẹ́, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́: iná náà gbọ́dọ̀ tàn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 6, kí ó sì kú fúnra rẹ̀. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti yọ gílóòbù rẹ̀, kí ẹ sì dá ọkọ̀ náà padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ṣe é.